Àgbọn Ló Jẹ Agbọ̀n Màámi

Agbọ̀n 12 ló dínkù nínú àkọsílẹ̀ ọjà Màámi l'Ọ́jà Ọba, Adó-Èkìtì. Ọmọ tó ń bá wọn tajà ni wọ́n dojú kọ. Wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo olè, bẹ́ẹ̀ agbọ̀n ọ̀hún wà lókè àjà, kò lọ síbì kan. Ètò kọ̀ǹpútà tí èmi fi ọwọ́ ara mi kọ ló purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Bí mo ṣe gbé MySQL 8, ètò tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sínú tábìlì, sórí láptọ́ọ̀pù, ìyẹn ò le. Mo fi UNIQUE sára orúkọ ọjà kí ọjà kan má wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Àgbọn wọlé. Mo tẹ agbọ̀n, ó ní:

ERROR 1062 (23000): Duplicate entry 'agbọ̀n' for key 'oja.oruko'

Ó ní agbọ̀n ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èwo ni duplicate? Mo wo tábìlì náà látòkè délẹ̀, kò sí agbọ̀n kankan níbẹ̀. Mo pa á rẹ́, mo tún un ṣe, ó tún kọ̀. Alẹ́ méjì ni mo fi jókòó tì í, epo jẹnẹrétọ̀ ń jó, iyán mi tutù. Nígbà tó sú mi, mo sanwó fún ẹnì kan tó ní òun mọ̀ ọ́n. Ó ní kí n yọ UNIQUE kúrò. Mo yọ ọ́, agbọ̀n wọlé, mo sì ń fọ́nnu kiri àdúgbò. Owó ẹ̀kọ́ gbáà!

Ọjọ́ tí wọ́n ta àgbọn 12, ètò mi ní kí MySQL yọ 12 lára ohun tó ń jẹ́ àgbọn. Nígbà tí mo fọwọ́ tẹ àṣẹ yẹn kan náà fúnra mi, mo rí i kedere: Rows matched: 2, ìyẹn ni pé ọjà méjì ló bá orúkọ yẹn mu. Ó yọ ọ́ lára àgbọn, ó tún yọ ọ́ lára agbọ̀n! Mo bi í léèrè:

SELECT 'oko' = 'ọkọ̀';

Ó dáhùn pé 1, ìyẹn ni pé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú ẹ̀, oko, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Orúkọ ìlànà tó fi ń fi ọ̀rọ̀ wé ara wọn ni utf8mb4_0900_ai_ci, ai yẹn ló ní kó má ka àmì sí. Àfi bí ẹni pé Òyìnbó ló ń bá Màámi tajà.

Ìlà kan péré ló wò ó sàn, èyí tó fi as, tó ń ka àmì sí, rọ́pò ai:

ALTER TABLE oja MODIFY oruko VARCHAR(100) COLLATE utf8mb4_0900_as_cs NOT NULL;

Mo dá UNIQUE padà, kò ráhùn mọ́. Ó kàn jẹ́ pé ẹni tó bá tẹ "agbon" láìsí àmì kò ní rí nǹkan kan, ni mo bá ní kí wọ́n máa yàn án látinú àkójọ. Ká ní nọ́ńbà ni mo fi dá ọjà kọ̀ọ̀kan mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí kì í ṣe orúkọ, àgbọn ò ní rí agbọ̀n jẹ.

Màámi ní àwọn ò ní bẹ ẹnikẹ́ni, ẹ̀rọ mi ló purọ́, kí n lọ bẹ ọmọ náà fúnra mi. Mo lọ. Mo ra àkàrà dání.