Bí A Ṣe Ń Dáàbò Bo Ìtẹ́ Ẹja Ọ̀sàn Ní Ọ̀sà Lẹ́kí, Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀pẹ́

Nígbà òjò, tí omi bá ti kún bo etídò tó sì wọ inú koríko àbàtà, ẹja ọ̀sàn máa ń wọlé tẹ̀lé e láti lọ tẹ́ ìtẹ́. Àsìkò yẹn gan-an ni iṣẹ́ wa. Lórí ilẹ̀ Áfíríkà lápapọ̀, ẹja yìí kò tíì sí lára àwọn tí wọ́n kà sí pé ó fẹ́ parẹ́, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ẹja ní Nàìjíríà ti ń kìlọ̀ pé ó ń dín kù nínú omi wa. Apẹja ni yín o, oníbàárà Ọjà Olúwo, ọjà ẹja ní Ẹ̀pẹ́, ni yín o, ohun kan wà tí ẹ lè ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ dá a mọ̀. Ó gùn, ara rẹ̀ ń dín bọ̀ títí ìrù rẹ̀ fi rí ṣóńṣó bí ìrù eku. Lẹbẹ kan ṣoṣo ló nà gbọọrọ lẹ́yìn rẹ̀. Kò ní ti ìsàlẹ̀ ikùn, kò sì ní ti ìrù. Lẹbẹ ẹ̀yìn yẹn ló fi ń lọ síwájú, òun náà ló fi ń padà sẹ́yìn láìyí ara padà. Àgbà rẹ̀ lè gùn ju mítà kan àti ààbọ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Gymnarchus niloticus. Ní 1951, Hans Lissmann, onímọ̀ nípa ẹranko ní Yunifásítì Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ kó di mímọ̀ pé ìrù rẹ̀ ń tú iná mànàmáná tín-ín-tín jáde láìdáwọ́ dúró, nǹkan bí ìgbà 300 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Iná yìí ló fi ń mọ ohun tó yí i ká nínú omi tó dúdú. Kì í ṣe bíi ti òjíjí. Kò lè gbọn yín lápá. Eyín rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún.

Ẹ wá mọ ibi tí ẹ ó ti wò. Ọ̀sà Lẹ́kí, ní apá ìlà oòrùn Ẹ̀pẹ́, omi tí kò níyọ̀ ni. Odò Ọ̀ṣun wà lára àwọn tó ń tú sínú rẹ̀. Etí rẹ̀ tí koríko pọ̀ sí, níbi tí omi kò ti ń ṣàn púpọ̀, ni ẹja ọ̀sàn fẹ́. Ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ń da yanrìn sí láti fi kọ́lé. Ó dùn mí púpọ̀, torí ibi tí ènìyàn ń wò bí irà lásán, yàrá ìbímọ ẹja ni.

Ìtẹ́ náà ló ṣe pàtàkì jù. Ẹja yìí a já koríko, a tò ó jọ bí agbada tó léfòó. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta a yọ sókè omi, ẹ̀gbẹ́ kẹrin a rì díẹ̀: ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn. Nǹkan bí ẹyin 1,000 lè wà nínú ìtẹ́ kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bí ẹ̀wà ńlá, àwọ̀ rẹ̀ bí oyin. Òbí kì í fi ìtẹ́ sílẹ̀, ó ń ṣọ́ ọ tìbínú-tìbínú.

Bí ẹ bá rí irú koríko bẹ́ẹ̀, ẹ dá àjẹ̀ dúró. Ẹ má fi ọwọ́ tú u wò, ẹ má sì wọ ọkọ̀ gba orí rẹ̀. Ẹ rọra padà sẹ́yìn gba ọ̀nà tí ẹ gbà dé. Bí ẹ bá ya fọ́tò, ẹ má sọ ojú ibẹ̀ fún gbogbo ayé. Àwọn kan wà tó ń wá ìtẹ́ káàkiri, torí pé mímú kí ẹja yìí bímọ nínú adágún ọ̀sìn ṣòro, nítorí náà inú omi gbalasa ni wọ́n ti ń kó ọmọ rẹ̀ lọ tà fún ọlọ́sìn. Ìtẹ́ kan tí wọ́n bá kó, ìran odindi ọdún kan ló lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá Baálẹ̀ àti àgbà apẹja ibùdó yẹn. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ri ọ̀pá mọ́ ẹnu ọ̀nà omi tó wọ àbàtà náà, kí wọ́n so màrìwò mọ́ ọn. Kí ó jìnnà sí ìtẹ́, kó má baà júwe rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá rí màrìwò tí kò mọ̀ pé a kì í kọjá ibẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má dẹ àwọ̀n tàbí ìgèrè sí ẹnu ọ̀nà yẹn títí ọmọ ẹja á fi jáde. Dída oògùn sínú omi láti fi pa ẹja, ẹ má tilẹ̀ dábàá rẹ̀: ó ń pa ẹyin, ó ń pa òbí, ó sì ń pa ẹpìyà tó wà nítòsí.

Ẹ̀yin tó ń rajà ní Ọjà Olúwo, ẹ sọ fún ìyá ẹlẹ́ja yín pé ẹ kò ní ra ọ̀sàn kékeré. Ẹ fi ẹ̀rín sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rà á.

Nígbà tí omi bá fà, ẹ padà lọ fa ọ̀pá yẹn yọ, ẹ tú màrìwò rẹ̀, kí ojú má baà mọ́ ọn lára, kí àwọn ènìyàn lè tún bọ̀wọ̀ fún un lọ́dún tó ń bọ̀.