Bí Mo Ṣe Gbé Ẹ́ńjìnnì Kékeré Kúrò Lórí Métánọ́ọ̀lù Bọ́ Sórí Bẹntiróòlù àti CDI

Ẹ́ńjìnnì tú-sítóòkù kan ni, irú èyí tí wọ́n ń gbé sínú ọkọ̀ òfurufú kékeré onírìmóòtù. Púlọ́ọ̀gì tó bá a wá kì í ta iná rárá. Wáyà pilatínọ́ọ̀mù tín-ín-rín ló wà nínú rẹ̀: bátìrì á kọ́kọ́ mú un pọ́n, tí ẹ́ńjìnnì bá ti dáhùn, métánọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ni á máa mú un gbóná lọ. Ó rọrùn, mi ò ní parọ́. Àmọ́ kò sí bí èèyàn ṣe máa pàṣẹ fún wáyà tó ti ń gbóná tẹ́lẹ̀ pé ìgbà báyìí gan-an ni kí o tanná. Ìdí nìyẹn tí mo fi lo CDI, àpótí iná mànàmáná kékeré tó ń mú púlọ́ọ̀gì ta iná lásìkò tí mo bá fẹ́.

Púlọ́ọ̀gì tuntun, èyí tó ń ta iná, kò gba wàhálà kankan. Tírẹ́ẹ̀dì 1/4-32 ni, bákan náà pẹ̀lú ti àtijọ́, n kò fọwọ́ kan orí ẹ́ńjìnnì.

Táìmíǹgì niṣẹ́ wà. Bẹntiróòlù kì í jó tán lẹ́ẹ̀kan náà, torí náà iná gbọ́dọ̀ ta kí písítìnì tó dé òkè. Dígírì 28 ṣáájú òkè ni mo mú. Ṣùgbọ́n níbo ni òkè yẹn wà gan-an? Ẹni tó bá ní òun á fojú wò ó ń tan ara rẹ̀ jẹ ni, nítorí tí písítìnì bá sún mọ́ òkè, èèyàn á yí ẹ́ńjìnnì ní dígírì bíi mélòó kan kó tó hàn pé ó kúrò lójú kan. Mo de bóòtù olórí idẹ sí ihò púlọ́ọ̀gì kó lè dá písítìnì dúró lọ́nà, mo lẹ páálí róbótó tí mo pín sí dígírì 360 mọ́ iwájú, mo sì fi wáyà ṣe atọ́ka. Mo rọra yí i sí ọ̀tún títí ó fi kan bóòtù: 52. Mo yí i sí òsì: 44. Mo sún atọ́ka díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fi ka 48. Ìgbà yẹn ni òdo orí páálí tó di òkè tòótọ́.

Òòfà ló kàn: tó bá yí kọjá níwájú sẹ́ńsọ̀ Hall, ohun kékeré tó ń mọ̀ pé òòfà dé, sẹ́ńsọ̀ á sọ fún CDI pé kó ta iná. Ojú méjì ni òòfà ní, sẹ́ńsọ̀ Hall mi kì í sì í dáhùn sí ju ojú kan lọ, nítorí náà mo dán an wò kí n tó fi gọ́ọ̀mù kankan sí i. Mo lu ihò sínú họ́ọ̀bù tó di abẹ̀bẹ̀ mú, mo tẹ òòfà wọlé kó há dáadáa. Gọ́ọ̀mù nìkan kò lè dá a dúró nígbà tí eré bá dé. Púlọ́ọ̀gì wà níta ní gbogbo àsìkò yìí, inú fìlà rẹ̀ ló wà, tí ara rẹ̀ sì kan irin ẹ́ńjìnnì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan CDI láìsí púlọ́ọ̀gì lẹ́nu rẹ̀: iná tí kò ríbi jáde á wá ọ̀nà gba inú àpótí náà. Mo ń yí abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́, mo ń sún sẹ́ńsọ̀, títí “tàì!” fi dún nígbà tí atọ́ka wà lórí 28. Mo wá fún síkúrù pa.

Róbà sílíkónì máa ń wú nínú bẹntiróòlù, nítorí náà mo pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Nídìí kábúrétọ̀ náà, mo ní láti dín epo kù gan-an: kílò bẹntiróòlù kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ bíi kílò 14.7, métánọ́ọ̀lù kò ju bíi 6.5 lọ.

CDI máa ń pariwo sétí rìmóòtù, n kò sì fẹ́ ìyẹn lójú òfurufú. Mo fún un ní bátìrì tirẹ̀, mo gbé risífà, èyí tó ń gba àṣẹ rìmóòtù nínú ọkọ̀, jìnnà sí i, mo sì rí i pé aṣọ onírin tó bo wáyà púlọ́ọ̀gì di ara púlọ́ọ̀gì mú pinpin. Ẹnì kan di ọkọ̀ náà mú nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, mo sì ń rìn lọ pẹ̀lú rìmóòtù tí mo ti dín agbára rẹ̀ kù. Ibi tí risífà ti ń gbọ́ mi nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa náà ló ṣì ti ń gbọ́. Nígbà tí mo tú púlọ́ọ̀gì wò, àwọ̀ ilẹ̀ tó mọ́lẹ̀ ló ní, kò dúdú bíi ti epo tó pọ̀ jù, kò funfun bíi ti epo tó kéré jù, nítorí náà mo fi abẹ́rẹ́ kábúrétọ̀ sílẹ̀ níbi tó wà.