Bí mo ṣe ka òkúta Ogham ní Ballycrovane

Ogham kíkà kò le tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ẹni tó bá lè ka ení, èjì, dé àrún, tó sì ní sùúrù, á kà á. Ó jẹ́ ìkọ̀wé tí àwọn ará Ireland gbẹ́ sí etí òkúta láyé àtijọ́, láti bí ọ̀rúndún kẹrin sí ìkeje. Kò ju bí 400 lọ tó ṣẹ́ kù, Kerry àti Cork ló sì ni èyí tó pọ̀ jù. Èyí tí mo lọ bá wà ní Ballycrovane, lẹ́bàá abúlé Eyeries ní Beara. Òun ló ga jù nínú wọn, bíi mítà 5.

Kí n tó kúrò nílé, mo da lẹ́tà 20 tó ní kọ sórí ìwé pélébé kan, ọ̀wọ́ mẹ́rin, márùn-ún márùn-ún. Etí òkúta ni wọ́n kọ ọ́ sí, bí ẹni kọlà sójú. Ilà tó bá yọ sọ́tùn-ún ni B, L, V, S, N. Tòsì ni H, D, T, C, Q. Èyí tó dagẹ̀rẹ̀ sọdá etí náà ni M, G, NG, Z, R. Fáwẹ̀lì A, O, U, E, I ni àwọn ihò kékeré tí wọ́n gbẹ́ sórí etí gan-an. Iye ilà ló ń sọ èwo nínú márùn-ún.

Ilẹ̀ onílẹ̀ ni, nítorí náà mo kọ́kọ́ tọrọ àyè. Ìrọ̀lẹ́ ni mo lọ, torí oòrùn ọ̀sán gangan kì í jẹ́ kí ilà hàn. Nígbà tí ìkúukùu bo ojú ọ̀run (òjò Beara kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni), mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkúta. Òjìji kún inú ilà, wọ́n sì yọ kedere. Àwọn kan máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kùn ún kí fọ́tò lè dára. Ìwà ìbàjẹ́ gbáà ni.

Ìsàlẹ̀ la ti ń kà á lọ sókè. Ilà adagẹ̀rẹ̀ kan: M. Ihò kan: A. Ilà márùn-ún sósì: Q. Ihò márùn-ún: I. MAQI! Inú mi dùn débi pé mo pariwo. Èyí tó ga ju orí mi lọ, kámẹ́rà fóònù ni mo fi fà á súnmọ́ra. Ó jáde: MAQI DECCEDDAS AVI TURANIAS. MAQI ni "ọmọ", àmọ́ níbí ara orúkọ ọkùnrin náà ló jẹ́. AVI ni ọmọ-ọmọ, tàbí àrọ́mọdọ́mọ. Òkúta Mac Deichet nìyẹn, àrọ́mọdọ́mọ Torainn.

Kò sọ oyè tó jẹ, kò sọ ogun tó jà. Ìran tó ti wá nìkan ni. Èmi tí wọ́n fi "ọmọ" kì láti kékeré, kò ṣàjèjì sí mi rárá.

Ẹni tí kò bá fẹ́ tẹ ẹrẹ̀, kó lọ sí University College Cork. Ọ̀pọ̀ òkúta Ogham wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Stone Corridor, abẹ́ òrùlé ni. Dublin Institute for Advanced Studies náà ti gbé àwòrán 3D púpọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí èèyàn lè yí síwá sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ fi dánra wò.