Ṣéènì tuntun tó dẹ̀ láàárín oṣù méjì: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó ń gun alùpùpù àtijọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Triumph oní-650 tí wọ́n ṣe lọ́dún 1967 ni mò ń gùn. Mo ra ṣéènì tuntun sí i, ó ń dán bíi wúrà. Gíríìsì tó bò ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ni mo bá fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́ dáadáa kí n tó wọ̀ ọ́. Oṣù méjì péré, ó ti dẹ̀ bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fa táyà ẹ̀yìn sẹ́yìn. Ṣé irin burúkú ni wọ́n tà fún mi ni?

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ̀yin náà lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Gíríìsì tí ẹ fọ̀ dànù yẹn, ilé iṣẹ́ ló fi sínú ṣéènì kó lè wọ ibi tí ọwọ́ wa ò lè dé. Pẹtiróòlù ti kó o jáde. Ọ́ìlì tí ẹ wá ń ta sí i lára lẹ́yìn náà, ìta ló ń pọ̀ sí jù.

Gbogbo wa la máa ń sọ pé ṣéènì ti fà, èmi náà ń sọ ọ́. Irin ò fà rárá. Inú ojú ṣéènì kọ̀ọ̀kan ni pínnì wà (ọ̀pá irin kékeré), pínnì wà nínú búùṣì (irin oníhò tó yí i ká), rólà (òrùka irin tí eyín àwo ń kàn) sì ń yí lórí búùṣì. Nígbàkígbà tí ṣéènì bá ń tẹ̀ láti gba orí àwo eléyín kọjá (àwo tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sprocket), pínnì á yí díẹ̀ nínú búùṣì rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá gbẹ, tàbí tí iyanrìn wọ ibẹ̀, irin á máa jẹ irin. Ohun tó ń jẹ kúrò lójú kan lè má nípọn ju irun orí lọ, ṣùgbọ́n ojú tó wà lára ṣéènì yín lé ní ọgọ́rùn-ún. Ẹ wo bí yóò ti rí tí gbogbo rẹ̀ bá kóra jọ.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi í wo àwọ̀ wúrà. Ara irin ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń kùn ún sí, nígbà tó jẹ́ pé pínnì àti búùṣì ló ń jẹ́ kí ṣéènì dára, ojú wa ò sì tó wọn.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti jẹ tán, tí kì í ṣe pé mi ò fà á dáadáa?

Ìdáhùn: Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ má fojú díwọ̀n. Ẹ fa ìsàlẹ̀ ṣéènì kó le, ẹ ka pínnì 21, kí ẹ wọn láti àárín ti àkọ́kọ́ dé àárín ti ìkẹyìn. Ìyẹn jẹ́ àlàfo 20. Fún ṣéènì tó bá alùpùpù yín mu, tó bá ṣì wà ní tuntun, mìlímítà 317.5 ni. Tó bá ti di 323, ó ti parí. Èmi ò kì í jẹ́ kó dé ibẹ̀: ní 321 ni mo ti ń wá òmíràn, torí ṣéènì tó gùn á máa jẹ eyín àwo lọ, àwo sì ṣòroó pààrọ̀ ju ṣéènì lọ. Fún ṣéènì kékeré tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ ìdajì ínǹṣì, 254 ni tuntun.

Ẹ wọ̀n ọ́n níbi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, torí kì í jẹ dọ́gba. Tí kò bá sí ohun ìwọ̀n lọ́wọ́, ẹ lọ sẹ́yìn pátápátá àwo ẹ̀yìn, kí ẹ fa ṣéènì kúrò lára rẹ̀. Tí ẹ bá ń rí nǹkan bí ìdajì eyín lábẹ́ rẹ̀, ẹ ò nílò ìwọ̀n mọ́.

Ìbéèrè: Mo rí 428, 520, 525 àti 530 lára páálí wọn. Ìwé alùpùpù mi ò ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, 5/8 × 3/8 ló kọ síbẹ̀.

Ìdáhùn: Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni àlàfo láti pínnì kan sí èkejì, ní ìdá mẹ́jọ ínǹṣì. 4 jẹ́ 4/8, ìyẹn mìlímítà 12.7, 5 jẹ́ 5/8, ìyẹn 15.875. Méjì tó kù ń sọ bí inú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, níbi tí eyín àwo ń wọ̀. Inú 520 fẹ̀ tó 1/4 ínǹṣì, 525 jẹ́ 5/16, 530 sì jẹ́ 3/8. Nítorí náà 530 ni tiyín. Tí ẹ bá fi 520 sí i, eyín àwo yín ò ní wọlé rárá. Tó bá jẹ́ ẹni tí àwo rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ló lọ ra 530, ṣéènì á wọ̀ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ á máa mì sọ́tùn-ún sósì.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣubú ni rólà. Àlàfo méjì lè dọ́gba kí rólà wọn má dọ́gba. Rólà 428 nípọn tó mìlímítà 8.51, ti ṣéènì ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ ìdajì ínǹṣì bákan náà jẹ́ 7.92. Tí ẹ bá wọ èyí sí ipò ìyẹn, kò ní jókòó dáadáa sáàárín eyín. Ó sì dára kí ẹ mọ̀ pé ṣéènì ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ àti ti alùpùpù kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, kódà tí ìwọ̀n wọn bá bára mu. Ẹ̀rọ tó dúró sójú kan kì í já lu ṣéènì rẹ̀ bí ẹ ṣe ń já lu tiyín nígbà tí ẹ bá yí ọwọ́ iná lójijì.

Ohun kan tún wà: ẹ má gbára lé ìwé nìkan. Láti 1967 di òní, ta ló mọ iye ọwọ́ tó ti kan alùpùpù yẹn, àti irú àwo tí wọ́n ti fi sí i? Ẹ wọn eyín àwo yín fúnra yín.

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí n ra èyí tó ní òrùka rọ́bà, pé òun ló ń pẹ́ jù.

Ìdáhùn: Irọ́ kọ́. Òrùka rọ́bà yẹn ló ń há gíríìsì mọ́ àárín pínnì àti búùṣì, tí kì í jẹ́ kí omi àti iyanrìn wọlé. Ṣùgbọ́n ó ń mú kí ṣéènì fẹ̀ sí i, pínnì rẹ̀ á sì yọ síta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tó ṣe alùpùpù yín ò fi àyè sílẹ̀ fún irú rẹ̀. Mo ti rí èyí tó ń ha ilé jíà bí ayùn. Kí ẹ tó ra á, ẹ wo ẹ̀yìn àwo iwájú, ibi tí bọ́ọ̀tì ìbòrí ṣéènì yọ sí, àti ẹ̀gbẹ́ táyà. Tí ìka kékeré ò bá lè kọjá níbì kan, ẹ ronú dáadáa.

Agbára Triumph yín ò tó ti ẹṣin 50. Ṣéènì lásán tó dára, tí wọ́n ń fún ní ọ́ìlì, tó o. Alùpùpù ńlá ló ní ìṣòro mìíràn. Nígbà tí Honda CB750 jáde lọ́dún 1969, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára ju ohun tí ṣéènì ìgbà yẹn lè gbà lọ. Tó bá já, ó máa ń kó jọ sẹ́yìn àwo iwájú, á sì fọ́ ilé ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ lónìí, èmi á ní kó ra ṣéènì tó ní òrùka rọ́bà tí àyè bá gbà á.

Ìbéèrè: Tí mo bá dé iwájú ọjà, kí ni kí n wò?

Ìdáhùn: Ẹ yọ ọ́ nínú páálí. Orúkọ tó ṣe é àti nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára irin ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe lára páálí nìkan. Ẹnikẹ́ni ló lè tẹ páálí. Ẹ yí rólà pẹ̀lú ìka: kò gbọdọ̀ sí ojú ìpàdé lára rẹ̀. Rólà olówó pọ́ọ́kú, irin pẹlẹbẹ ni wọ́n ká pọ̀, ẹ máa rí ìlà níbi tí etí rẹ̀ ti pàdé. Ti dáadáa jẹ́ odidi. Lẹ́yìn náà, ẹ di ṣéènì mú ní orí kan, kó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni na apá síwájú. Tuntun tó dára á tẹ̀ díẹ̀. Èyí tó bá wó wálẹ̀ bí aṣọ tútù, ẹ dá a padà sínú páálí rẹ̀.

Ìbéèrè: Tí mo bá ń yí táyà ẹ̀yìn, ó máa ń le níbì kan, á sì dẹ̀ níbòmíì. Ṣé ṣéènì ni àbí àwo?

Ìdáhùn: Ẹ fi ẹfun sàmì sí ojú ṣéènì kan àti sí eyín àwo ẹ̀yìn kan. Ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Tó bá ń le ní gbogbo ìgbà tí àmì àwo bá padà dé, àwo ò yí po dáadáa. Tó bá jẹ́ àmì ṣéènì ló ń bá a dé, ojú kan ti gan tàbí apá kan ti jẹ ju ìyókù lọ. Ibi tó le jù ni kí ẹ máa wọn dídẹ̀ rẹ̀, láéláé. Tí ẹ bá jókòó lórí rẹ̀, kí àárín ìsàlẹ̀ lè lọ sókè-sódò ní nǹkan bíi mìlímítà 20.

Ìbéèrè: Kílíìpù tó so ó pọ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Orí tó dí ni kó kọjú sí ibi tí ṣéènì ń lọ, apá tó là á tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ní apá òkè ṣéènì, iwájú lorí yẹn ń wò. Tí ẹ bá wọ̀ ọ́ òdì, ohunkóhun tó bá kàn án lójú ọ̀nà lè ṣí i. Tí ṣéènì bá gùn ní ojú kan jù, ẹ má fi ojú ẹlẹ́sẹ̀-ọ̀kan dí i (ìyẹn ojú kan ṣoṣo tí irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ̀, tó fẹ̀ lápá kan, tó há lápá kejì). Òun ló máa ń kọ́kọ́ já.

Ìbéèrè: Mo ti wọ̀n ọ́n, ọ̀gá. 324. Eyín àwo iwájú sì ti tẹ̀ bí ìkọ́ ẹja.

Ìdáhùn: Ẹ má gùn ún mọ́. Ẹ ra ṣéènì àti àwo méjèèjì pa pọ̀. Ẹ wo ti ẹ̀yìn dáadáa kó tó di pé ẹ rà á, torí lára àwọn alùpùpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, àwo ẹ̀yìn àti ìlù bíréèkì jẹ́ irin kan ṣoṣo. Tí tuntun bá dé, ẹ nu gíríìsì ìta rẹ̀ pẹ̀lú àkísà, kí ẹ sì fi pẹtiróòlù sínú táǹkì níbi tó yẹ kó wà.