Bí a ṣe pín pásíwọ́ọ̀dù wa nígbà tí ìgbéyàwó wa tú ká

"Ìyá Dámọ́lá, ta lo fi ₦45,000 ránṣẹ́ sí láàárọ̀ yìí?"

Bí bàbá àwọn ọmọ mi ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí fóònù nìyẹn, kò tíì kí mi. Ó ti lé ní oṣù kan tí mo ti kó kúrò nílé wa ní Bódìjà, tí èmi àti àwọn ọmọ méjèèjì ti wà nínú yàrá méjì tí mo gbà ní Mọ́kọ́lá. Àkáǹtì tí owó náà ti jáde, tèmi nìkan ni. Owó ọjà àdìrẹ mi ló wà níbẹ̀, aláró tó ń bá mi pa aṣọ láró l'Ábẹ́òkúta ni mo sì san án fún. Kò jalẹ̀kùn rárá. Nígbà tí mo ṣí àkáǹtì yẹn ní 2014, ímeèlì tí àwa méjèèjì jọ ń lò láti ìgbà tí a ti ń fẹ́ra wa sọ́nà ni mo kọ sínú ìwé báńkì, ímeèlì náà sì wà lórí fóònù rẹ̀. Bí alert ṣe ń wọlé sọ́dọ̀ mi ló ń wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìbéèrè tó ti ń bi mí láti ọdún mọ́kànlá ló tún bi mí.

Mo pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn ìpè yẹn. Ẹjọ́ wa ti wà ní kóòtù gíga, nítorí rejísìtìrì la ti ṣe ìgbéyàwó. Mo ti kó ẹrù, mo ti gba kọ́kọ́rọ́ ilé tuntun, síbẹ̀ gbogbo ìlẹ̀kùn inú fóònù mi ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àwọn ẹbí ti gbà mí nímọ̀ràn lórí ìkòkò, lórí fíríìjì, lórí owó ilé ìwé. Kò sẹ́ni tó dárúkọ pásíwọ́ọ̀dù.

Lọ́yà mi ni mo kọ́kọ́ pè. Ó ní kí n má pa ohunkóhun rẹ́ títí ẹjọ́ yóò fi parí, ì báà ṣe àtẹ̀jíṣẹ́, ì báà ṣe àwòrán, nítorí Òfin Ẹ̀rí ti 2011 fàyè gba ohun tó bá ti inú kọ̀ǹpútà àti fóònù jáde ní kóòtù, ẹni tó bá sì ń pa nǹkan rẹ́ lásìkò ẹjọ́ lè dà bí ẹni tó ní ohun tó ń bò mọ́lẹ̀. Ó tún kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ wọ inú ohunkóhun tó jẹ́ ti ọkọ mi, bí mo tilẹ̀ mọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Mo sì mọ̀ ọ́n. Orúkọ Dámọ́lá àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni, òun la fi ń ṣí ohun gbogbo. Ibi tí ìṣòro wà gan-an nìyẹn.

Mo ra ìwé kékeré kan, nítorí ibi tí mo máa ń kọ nǹkan sí lórí fóònù, inú àkáǹtì tí a jọ ń lò ló ń lọ. Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi tú ímeèlì wa wò. Mo ń tẹ "welcome", mo ń tẹ "verify" sí ojú ibi tí a fi ń wá nǹkan, gbogbo ibi tí a ti forúkọ sílẹ̀ láti 2012 sì ń yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan. Èrò mi ni pé wọn ò ní ju mẹ́jọ lọ. Wọ́n jẹ́ 31. Mo kọ T síwájú èyí tó jẹ́ tèmi, B síwájú ti Bàbá Dámọ́lá, W síwájú tiwa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo iṣẹ́ yìí. Ohun tí ẹ kò bá kọ sílẹ̀ níhìn-ín, ẹ ò ní rántí rẹ̀ títí tí yóò fi ya yín lẹ́nu.

Kí n tó ti ìlẹ̀kùn kankan, mo kó àwọn fọ́tò jáde. Ìbí àwọn ọmọ wà níbẹ̀, ìkómọ wà níbẹ̀, ìyá mi wà níbẹ̀ lórí àga onírọ̀gbọ̀kú nínú oṣù tó lò kẹ́yìn láyé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ yí pásíwọ́ọ̀dù padà nínú àwa méjèèjì ni yóò gba gbogbo rẹ̀ lọ, n kò sì fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún èmi tàbí fún òun. Google ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní Takeout. Ẹ ó yan Photos, wọn yóò dì í ní ẹrù ẹrù, wọn yóò sì fi ibi tí ẹ ti máa gbà á ránṣẹ́ sínú ímeèlì. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni ìlẹ̀kùn yẹn máa ń wà ní ṣíṣí. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, dátà tán lẹ́ẹ̀kan, mo tún béèrè fún un lákọ̀tun kí n tó rí gbogbo rẹ̀ gbà. Mo ra háàdì dírááfù méjì, mo da ohun kan náà sínú méjèèjì, mo sì fi ọ̀kan rán àbúrò rẹ̀ sí i. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bínú sí mi gidigidi nítorí èyí. Ó ní mo ti ń ṣàánú jù. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ló gbé Dámọ́lá lọ́wọ́ nínú fọ́tò ìkómọ yẹn, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ṣí ímeèlì tuntun, tèmi nìkan. Pásíwọ́ọ̀dù gbà mí lákòókò. Oríkì mi ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n òun ló máa ń fi í kì mí láàárọ̀. Orúkọ bàbá mi, ó mọ̀ ọ́n. Orúkọ ilé ìwé mi, ó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ti bá ọ gbé fún ọdún mọ́kànlá mọ ohun gbogbo tí ọkàn rẹ lè sáré lọ bá. Mo wá yan ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bára tan rárá, ohun tí ojú mi rí lọ́jà lọ́jọ́ yẹn, mo fi nọ́ńbà há a láàárín. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo fi ìwé náà sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi.

Síìmù ló ṣòro jù, òun náà ló sì ṣe pàtàkì jù. Báńkì ni o, WhatsApp ni o, Instagram ni o, bí ẹ bá ní ẹ gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù yín, nọ́ńbà fóònù ni wọ́n sábà máa ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí. Ẹni tó bá ni nọ́ńbà ló ni kọ́kọ́rọ́. Nọ́ńbà mi, tí gbogbo oníbàárà mọ̀, tí mo kọ sára pátákó ṣọ́ọ̀bù, ọkọ mi ló rà á fún mi, orúkọ rẹ̀ ló sì fi sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba pàṣẹ ní December 2020 pé kí oníkálukú so NIN mọ́ síìmù rẹ̀, NIN tirẹ̀ la so mọ́ tèmi, nítorí tèmi kò tíì jáde. Lójú ilé iṣẹ́ fóònù, kì í ṣe èmi ni mo ni ín. Bó bá wù ú, ó lè lọ gba síìmù míì lórí nọ́ńbà yẹn, tọwọ́ mi á sì kú.

Mo kọ́kọ́ ra síìmù tuntun, mo so NIN tèmi mọ́ ọn, mo fi í sílẹ̀ fún báńkì àti ímeèlì nìkan. Ti àtijọ́, wọ́n ní àfi kí ẹni tó ni ín yọjú fúnra rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ní òun ń bọ̀ tí kò wá, ó wá nígbà kẹta. A jókòó síbi tí wọ́n ti ń dúró, ó béèrè bóyá ikọ́ Tóbi, àbúrò Dámọ́lá, ti lọ, mo ní ó ti lọ. Nígbà tó kàn wá, ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ bi í pé kí ló dé tí ẹ̀yin fẹ́ fi nọ́ńbà yín sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Ó ní, "Tirẹ̀ ni látilẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn wà lọ́kàn mi títí dòní.

Ní báńkì, ẹ má rò pé orí fóònù lẹ ti máa parí rẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lára BVN, àfi kí ẹ lọ fúnra yín, kí ẹ kọ ìwé. Mo yí ímeèlì tí alert ń lọ padà, mo yí PIN tí mo fi ń fi owó ránṣẹ́ padà, mo ní kí wọ́n yọ gbogbo fóònù tó ti wọ inú áàpù mi tẹ́lẹ̀. Àkáǹtì alájọni wa, èyí tí owó ilé ìwé wà nínú rẹ̀, n kò fọwọ́ kàn án. Àwa méjèèjì jọ kọ̀wé sí báńkì pé kí wọ́n má san owó kankan láìsí ìfọwọ́sí ẹni méjì, títí kóòtù yóò fi pín in.

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe n'Íkẹjà ló bá mi ṣe WhatsApp, lórí fídíò. "Àǹtí mi, ẹ tẹ ààmì mẹ́ta yẹn, ẹ wá Linked devices. Kí lẹ rí?" Láptọ́ọ̀pù tó kù ní Bódìjà ni mo rí, ó ṣì wà lójúfò. Ní gbogbo ìgbà tí mo ń sunkún sí ọ̀rẹ́ mi létí lórí WhatsApp, lórí tábìlì ilé ìjẹun wa lọ̀rọ̀ náà ń hàn. Mo yọ ọ́, mo fi PIN onínọ́ńbà mẹ́fà sí Two-step verification. Àbúrò mi tún ní kí n wo ibi tí backup, ẹ̀dà ọ̀rọ̀ WhatsApp mi, ń lọ. Inú ímeèlì àtijọ́ ló ṣì ń lọ, bẹ́ẹ̀ mo ti rò pé mo ti parí. Lẹ́yìn náà ni mo pa location tí a jọ tàn fún ara wa lórí Google Maps ní 2019, nígbà tí ẹ̀rù ọ̀nà ń bà wá.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí: ọkọ mi kò fọwọ́ kàn mí rí. Ẹni tó bá ń sá fún ẹni tó ń lù ú kò gbọdọ̀ ṣe é bí mo ṣe ṣe é. Bí ẹ bá ti gbogbo ìlẹ̀kùn lójú kan, ẹni yẹn yóò mọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi ààbò, ẹ lo fóònù tí kò mọ̀, ẹ fi ẹnì kan ṣe ẹlẹ́rìí. Fún ẹni tó wà l'Ékòó, iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní DSVA wà fún irú ọ̀rọ̀ báyìí.

Ojú ewé Instagram tí mo fi ń ta àdìrẹ, ímeèlì tirẹ̀ ló fi ṣí i fún mi ní 2017. Mo pè é, kóòdù wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀, ó kà á fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú méjì kò pé. Oṣù kan ni mo fi ń bẹ̀rù ìpè yẹn.

Netflix, ti iná, ti ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọn ò le. Mo jókòó lọ́jọ́ Sátidé kan, mo parí méjìlá.

Ibi tí n kò múra sílẹ̀ fún ni Dámọ́lá. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Èmi àti bàbá rẹ̀ la jọ ń mójú tó tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lórí Family Link, mo sì fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òbí. Ó fẹ́ ṣí YouTube lórí fóònù mi, pásíwọ́ọ̀dù tó mọ̀ kò ṣiṣẹ́. Ó wò mí. "Mọ́mì, ṣé ẹ ti yọ orúkọ mi kúrò ni?"

Mo gbé e jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo sọ fún un pé ilé tuntun ń gba kọ́kọ́rọ́ tuntun, pé kò sí kọ́kọ́rọ́ tó lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára mi tàbí lára bàbá rẹ̀. Ó ní òun gbọ́. N kò mọ̀ bóyá ó gbà mí gbọ́. Bí mo bá tún un ṣe, òun ni máa kọ́kọ́ sọ fún kí n tó yí nǹkan kan padà.

Ìlà méjì ló kù nínú ìwé mi tí n kò tíì fagi lé. Ọ̀kan ni tracker tó ń fi ibi tí ọkọ̀ tí mo ń wà wà hàn, áàpù rẹ̀ ṣì wà lórí fóònù Bàbá Dámọ́lá, a ti fẹnu kò sí ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Èkejì ni ímeèlì tí a jọ ń lò fúnra rẹ̀. A ò tíì tì í pa. Lẹ́tà owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ṣì ń wọlé síbẹ̀, ti ilé ìwé àwọn ọmọ náà ṣì ń wọlé síbẹ̀. Lálẹ́ àná ó pè mí, ó ní kóòdù kan ti lọ sí nọ́ńbà mi tuntun, èyí tí mo fi síbẹ̀ fún ààbò, ṣé mo lè bá òun kà á. Mo kà á fún un. Ó ní kí n tún un kà, díẹ̀díẹ̀.