Bí Mo Ṣe Fi Pokémon GO Mú Àwọn Ọmọ Rìn Ká Greenwich

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi ní London, mo kó wọn kiri gbogbo ibi tí àlejò ń lọ. Ní ibi kan, èyí àbúrò sùn lọ fọnfọn lórí bẹ́ńṣì. Èyí ẹ̀gbọ́n ní, "Àǹtí, ṣé ó ti tán?" bẹ́ẹ̀ a ò tíì lo ogún ìṣẹ́jú níbẹ̀. Owó ọkọ̀ ọjọ́ yẹn ṣì ń dùn mí.

Ní oṣù Kẹjọ tó lọ yìí, wọ́n tún dé, Màmá sì bá wọn wá. Àkànní ti di ọmọ ọdún 12, Àbẹ̀kẹ́ di 9. (Oríkì tí Màmá fi ń pè wọ́n ni mo kọ yẹn, ẹ fi orúkọ ìwé sílẹ̀.) Látìgbà tí Àkànní ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú ló ti ń na fóònù sókè sódò bí ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń yọ lẹ́nu. Mo yọjú wò ó: Pokémon GO ni. Ó ní ládùúgbò àwọn n'Íbàdàn, kí òun tó rí PokéStop kan, ẹsẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, "ṣùgbọ́n níbí, Àǹtí, wọ́n pọ̀ bí eṣú." Mo ní ó dáa, eṣú yẹn náà ni yóò mú wa rìn.

Ẹni tí kò bá mọ géèmù yìí, báyìí ló rí. Ilé iṣẹ́ Niantic ló gbé e jáde ní oṣù Keje ọdún 2016. GPS inú fóònù á mọ ibi tó o wà, èèyàn kékeré kan á sì máa rìn lórí máàpù bó o ṣe ń rìn. Àwọn ẹranko àròsọ á yọ sí ọ lọ́nà. Tó o bá tan kámẹ́rà, wàá rí wọn bíi pé orí koríko gan-an tó wà níwájú rẹ ni wọ́n dúró sí. Àmọ́ ohun tó wúlò fún èmi tí mo fẹ́ mú àlejò rìn ni PokéStop, ibi tí wọ́n ti ń fún ọ ní bọ́ọ̀lù tí wàá fi mú ẹranko. Ère ni wọ́n sábà ń fi í sí, tàbí ilé àtijọ́, tàbí òkúta ìrántí, tàbí àwòrán ara ògiri. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn tó ń gbá Ingress, géèmù tí Niantic kọ́kọ́ ṣe, ló ya fọ́tò wọn tó sì kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i. Níbi tí àwọn yẹn ti pọ̀, PokéStop pọ̀. Níbi tí wọn ò sí, bí i àdúgbò Àkànní, gbígbẹ ló gbẹ.

Nítorí náà, ẹnì kan tó mọ ìlú ló ń júwe ọ̀nà fún ọ, àmọ́ kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Fọ́tò kan, gbólóhùn kan tàbí méjì, ó parí. Ọmọ á fi ìka yí àmì PokéStop náà lórí fóònù, á gba bọ́ọ̀lù rẹ̀, á kọjá, kò sì ní gbé ojú sókè wo ère tó wà lórí rẹ̀. Ohun tí mo rí nìyẹn nígbà tí èmi nìkan kọ́kọ́ lọ Greenwich, àdúgbò kan létí odò ní London, ní Sátidé kan láti lọ wo ọ̀nà. Mo rí ọkùnrin kan tó ti tó ẹni 40 ọdún tó yí PokéStop mẹ́ta láìdúró rárá.

Mo jókòó, mo mú bírò. Mo yan PokéStop márùn-ún péré, mo sì wá ìbéèrè kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ kò sí nínú fóònù, tó jẹ́ pé ojú lásán lo máa fi rí i. Òfin mi: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ẹranko kankan níbẹ̀ títí ìdáhùn á fi jáde. Òfin kejì: kámẹ́rà kò gbọdọ̀ tàn àfi níbi tí mo bá ní kó tàn, torí kámẹ́rà yẹn ń jẹ bátìrì bí ìnáwó ṣe ń jẹ owó oṣù. Mo tún gbé páwà báǹkì dání. Fóònù kan ni àwọn ọmọ méjèèjì máa lò. Ibí yìí ni mo ti ṣe àṣìṣe, màá sọ ọ́.

Ọjọ́ Túsìdeé la lọ. Aago 10 ku díẹ̀, a ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Cutty Sark, ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n kàn ní Dumbarton ní Scotland lọ́dún 1869 láti máa kó tíì wá láti Ṣáínà. Owó ni wọ́n fi ń wọ inú rẹ̀, àmọ́ ìbéèrè mi wà níta: kí ni obìnrin tó wà ní imú ọkọ̀ yẹn dì mú lọ́wọ́? Àbẹ̀kẹ́ ní irun ni. Àkànní ní okùn. Wọ́n yí ọkọ̀ náà po, wọ́n gbọ́rùn sókè, fóònù wà lọ́wọ́ mi. Màmá, tí ń bẹ lórí bẹ́ńṣì tí kò tilẹ̀ dìde, ní, "Ìrù ẹṣin ni. Ṣé ẹ ò rí ìrùkẹ̀rẹ̀ rí ni?" Ìrù ẹṣin náà ni. Àjẹ́ ni obìnrin yẹn nínú ewì àwọn ará Scotland kan. Ó lé ẹlẹ́ṣin kan títí dé orí afárá, ìrù ẹṣin nìkan ló rí gbà. Látìgbà yẹn ni Màmá ti di ẹni tí wọ́n ń sáré lọ bá.

Ilé róbótó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ yẹn, ẹnu ọ̀nà tó gba abẹ́ odò Thames kọjá ni. Wọ́n ṣí i lọ́dún 1902, gígùn rẹ̀ tó 370 mítà. Màmá ní òun ò ní wọ abẹ́ omi láàyè. Àwa mẹ́ta wọlé, kí àwọn ọmọ lè rí ohun tí géèmù ń ṣe tí kò bá rí ọ̀run. GPS ò dé ìsàlẹ̀ yẹn. Èèyàn kékeré inú fóònù dúró gbagidi létí odò, kò rìn mọ́. Nígbà tí a jáde ní òdìkejì, ó fò kan náà la omi kọjá bí ẹni tí wọ́n jù. Àbẹ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Àkànní ní wọ́n rẹ́ òun jẹ, torí ìrìn tí òun rìn lábẹ́ ilẹ̀ kò wọ inú ẹyin òun. (Ẹyin wà nínú géèmù yẹn, ìrìn ẹsẹ̀ lo máa fi pa á, tirẹ̀ ń béèrè 5 kìlómítà.)

A padà sọ́dọ̀ Màmá, a gba Old Royal Naval College kọjá. Ilé ìjọsìn kan wà nínú ọgbà yẹn. Mo ní kí Àkànní ti fóònù bọ àpò. Ó bi mí pé kí ló dé, ṣebí géèmù náà ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo sọ fún un pé lọ́dún 2016 tí géèmù yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mùsíọ́mù tí wọ́n fi ń rántí àwọn Júù tí Hitler pa, ní Washington, àti itẹ́ àwọn ọmọ ogun ní Arlington ni wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn èèyàn má wá lé ẹranko lọ́dọ̀ àwọn mọ́. Pé ó ṣeé ṣe kò ní ká ṣe é.

Ìdúró tó wà lọ́kàn mi látilẹ̀ wá ni ti ẹ̀yìn National Maritime Museum. Ìgò ńlá kan tó mọ́ gaara ló wà níta níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi kan wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìgbòkun rẹ̀. Ọkọ̀ HMS Victory ni wọ́n fara wé, èyí tí Nelson, ọ̀gágun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kú sórí rẹ̀ níbi ogun Trafalgar lọ́dún 1805, wọ́n wá ṣe é ní ìdá kan nínú ọgbọ̀n. Láti 2010 di 2012, Trafalgar Square ló wà kó tó dé ibí. Mi ò sọ ẹni tó ṣe é. Mo kàn bi wọ́n pé, "Aṣọ wo ni wọ́n fi ṣe ìgbòkun yẹn?"

Àwọn ọmọ dákẹ́. Màmá sún mọ́ ìgò, ó fi ọwọ́ bo oòrùn lójú, ó wò ó kanlẹ̀. "Àǹkárá," ó ní. "Àǹkárá ni o! Ta ló kó àǹkárá fún òyìnbó?" Ó yí ìgò náà ká lẹ́ẹ̀mejì. Ó tọ́ka sí èyí tó jọ aṣọ ẹbí tí wọ́n dá níbi ìsìnkú bàbá bàbá wọn, ó tọ́ka sí èyí tí kò lè wọ̀ láéláé. Ìgbà yẹn ni mo wá sọ pé Yinka Shonibare ló ṣe é, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London tó sì dàgbà ní Èkó. Mo fi kún un pé àǹkárá fúnra rẹ̀ rìnrìn àjò: àwọn ará Netherlands ló fi ẹ̀rọ fara wé bàtíìkì Indonesia, ọ̀dọ̀ wa ni ọjà náà wá tà sí jù, tó fi di tiwa. Màmá ní, "Ẹni tó bá wọ aṣọ ló ni ín." Àkànní wá rántí pé PokéStop wà níbẹ̀. Mo ní kó tan kámẹ́rà, ó gbé ẹranko aláwọ̀ yẹ́lò kan kalẹ̀ sí ìdí ìgò, Màmá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a ya fọ́tò. Màmá bi mí pé èwo ni eku yẹn.

Àṣìṣe mi bú síta nígbà tí a ń gun òkè. Àbẹ̀kẹ́ ní ọwọ́ òun ló kàn láti ju bọ́ọ̀lù, Àkànní ní ẹranko yẹn ṣọ̀wọ́n, kì í ṣe ti ọmọdé. Ẹkún sọ. Gym kan, ibi tí àwọn ẹranko inú géèmù ti ń jà, tún wà lọ́nà tí ìjà ń lọ lórí rẹ̀, Àkànní dúró síbẹ̀, ìṣẹ́jú 20 lọ. Ẹ má fi fóònù kan mú ọmọ méjì lọ. Ká ní mo mọ̀, mo ti gbé fóònù mi àtijọ́ dání fún Àbẹ̀kẹ́.

Ohun tó ń lé mi ni bọ́ọ̀lù pupa tó wà lórí ilé Royal Observatory, ilé tí wọ́n kọ́ láti máa wo ìràwọ̀. Láti 1833 ni wọ́n ti ń fi í ki aago fún àwọn ọ̀gá ọkọ̀ tó wà lórí odò: aago 12:55 á gòkè dé àárín òpó, 12:58 á dé ṣóńṣó, aago 1 géérégé á já wálẹ̀. Bọ́ọ̀lù ti wà ní àárín òpó nígbà tí a yọ sí ìdí ère ọ̀gágun Wolfe tó wà níwájú ilé náà. A ń mí hẹlẹ. Gbogbo èèyàn gbọ́rùn sókè, kò sí ẹni tó yí PokéStop kankan. Ó já. Ìṣẹ́jú àáyá péré ni. Màmá ní, "Ìyẹn náà ni?" Àmọ́ àwọn ọmọ ń pàtẹ́wọ́.

Ìbéèrè ìkẹyìn dá lórí ìlà tí wọ́n fi pín ayé sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. George Airy, ọ̀gá àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ibẹ̀, ló fi ẹ̀rọ tó fi ń wo ìràwọ̀ fa ìlà yìí lọ́dún 1851, ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè ní Washington sì fọwọ́ sí i lọ́dún 1884. Ó gba Tema ní Ghana kọjá. Wọ́n ń gbowó kó o tó wọ àgbàlá ibẹ̀, àmọ́ wọ́n fi àmì ìlà náà sí ara ògiri lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ níta, ọ̀fẹ́ ni. Mo ní kí Àkànní dúró lé e, kó sì ka ohun tí GPS sọ. Ó yẹ kó jẹ́ òdo, torí látorí ìlà yẹn ni wọ́n ti ń ka ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Ó kà á: 0°0'5", ìwọ̀-oòrùn. Ó pa fóònù, ó tún un tàn. Bákan náà. "Àǹtí, fóònù yìí ti bàjẹ́."

Kò bàjẹ́. Mo ní kó máa rìn lọ sí ìlà-oòrùn títí yóò fi kan òdo. Nǹkan bí 102 mítà ló rìn, ó sì bá ara rẹ̀ nínú páàkì, níbi tí kò sí àmì kankan, koríko ṣáá. Ẹ wo okùn tí bíríkìlà ń so irin mọ́ nídìí kó lè mọ̀ bóyá ògiri dúró ṣánṣán. Ohun tó jọ ìyẹn ni Airy gbẹ́kẹ̀ lé: ibi tí ilẹ̀ bá fa nǹkan sí ló pè ní ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ kò wúwo dọ́gba níbi gbogbo, ó ń fa okùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀. GPS ní tirẹ̀, àárín gbùngbùn ayé ló ti ń ka ìṣirò rẹ̀. Àkànní fi bàtà rẹ̀ gbo koríko náà. "Àwọn tó ń sanwó lókè yẹn," ó ní, "ṣé wọ́n mọ̀?"

Bátìrì ti wà ní 9 nínú ọgọ́rùn-ún, òjò sì ti ń ṣẹ́, la bá ń sọ̀kalẹ̀. Ẹyin Àkànní pa lẹ́nu ọ̀nà ibùdókọ̀. Irú ẹranko tó ti ní mẹ́ta ló jáde. Nínú reluwé, ó bi mí bóun náà ṣe lè fi PokéStop sí àdúgbò àwọn. Mo ní àwọn tó ń gbá géèmù ló ń dábàá ibẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á kọ ìtàn ibẹ̀, àmọ́ ipò tí wọ́n ń béèrè ṣì ga ju tirẹ̀ lọ. Ó ní kò burú, òun á gùn dé ibẹ̀. Kí ni òun wá lè ya?

Màmá ní kó ya kànga àtijọ́ tó wà láàárín agboolé wa. Mo ní, "Màmá, wọn kì í gbà á tó bá jẹ́ inú ilé ẹnì kan."

"Ta ló sọ fún wọn pé ilé ẹnì kan ni? Ilé ẹbí ni."