Bí Mo Ṣe Kọ Ìjábọ̀ Àyíká Ilé-iṣẹ́ Wa Lẹ́yìn Tí Kọ́ńsọ́tàǹtì Ti Gba Owó Wa Lọ

Owó ìwé yẹn ṣì ń dùn mí di òní. Ilé-iṣẹ́ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ń ṣe òrí ní Idu, níbí ní Abuja, èmi ni mo sì ń tọ́jú ìwé owó. Àwọn oníbàárà wa kan ní Jámánì, tí wọ́n ń fi òrí wa po ìpara, kọ̀wé sí ọ̀gá wa. Wọ́n ní kí a tó tún àdéhùn ṣe, àwọn fẹ́ mọ iye èéfín tó ń ti ọ̀dọ̀ wa jáde lọ́dún, iye omi tí à ń lò, àti ibi tí ìdọ̀tí wa ń gbà. Báǹkì tó yá wa lówó náà ti ń béèrè irú rẹ̀, torí láti 2012 ni Báǹkì Àpapọ̀ ti fi ìlànà lélẹ̀ pé kí àwọn báǹkì máa wo ọ̀rọ̀ àyíká kí wọ́n tó yáni lówó. Ọ̀gá bá wá kọ́ńsọ́tàǹtì kan. Wọ́n san ìdajì owó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n san ìyókù lọ́jọ́ tí ìwé dé. Owó yẹn tó owó oṣù gbogbo àwọn tó ń yan òrí lọ́dọ̀ wa.

Ìwé náà dára lójú. Àwòrán igi tútù wà níwájú rẹ̀, bébà rẹ̀ ń dán. Ìgbà tí mo wá jókòó kà á ni inú bí mi. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé à ń sẹ́ omi tí a fi fọ awọ kí ó tó wọ odò. Awọ wo? A kì í fọwọ́ kan awọ ẹran ní ilé-iṣẹ́ wa. Ó hàn gbangba pé ìwé ilé-iṣẹ́ oníṣẹ́-awọ kan ni wọ́n ṣe àdàkọ rẹ̀, tí wọ́n wá fi orúkọ wa sí i. Dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n sọ pé a jó, iye kan náà ni láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ títí dé Ọ̀pẹ, bí ẹni pé a ò ti ilé-iṣẹ́ rí fún Iléyá tàbí Kérésì. Àwọn ará Jámánì dá a padà pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo: níbo ni ẹ ti rí àwọn iye wọ̀nyí? Kọ́ńsọ́tàǹtì ò gbé fóònù mọ́.

Mo lọ bá ọ̀gá, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ṣe é. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Àǹtí Akáùǹtì, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?" Mo ní bí kọ́bọ̀ kan ò ṣe lè jáde ní ilé-iṣẹ́ yìí kí n má mọ̀, lítà epo kan ò ní jóná kí n má lè tọpa rẹ̀. Wọ́n gbà.

Ìlànà tí ayé ń lò kò pamọ́ rárá, ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí mo dì mú ni GHG Protocol, ìlànà bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń ka èéfín rẹ̀, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 2001, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2004. Ó pín èéfín sí ọ̀nà mẹ́ta. Scope 1 ni ohun tí ẹ fúnra yín dáná sun tàbí tú sáfẹ́fẹ́: jẹnẹrétọ̀, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́, ààrò, gáàsì tó ń jò nínú ẹ̀rọ amúlétutù. Scope 2 ni iná mọ̀nàmọ́ná tí ẹ rà. Scope 3 ni gbogbo ìyókù, láti oko àwọn tó ń tà fún yín títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lo ọjà yín tán. Ọ̀wọ́ 15 ló wà nínú rẹ̀. Ìlànà IFRS S2, ìlànà àgbáyé lórí bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń jábọ̀ nípa ojú-ọjọ́, tó jáde ní oṣù Òkúdù 2023, orí ìpín yìí náà ló dúró lé. Ìjọba wa sì ti ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó kan ará ìlú gbọ́dọ̀ máa lò ó láti 2028. Ilé-iṣẹ́ kékeré ṣì ní àyè díẹ̀ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n òfin ojú-ọjọ́ ti 2021 kò wo kékeré tàbí ńlá bẹ́ẹ̀: ilé-iṣẹ́ aládàáni tó bá ti ní òṣìṣẹ́ 50 gbọ́dọ̀ yan ẹnì kan tí yóò máa bójú tó ọ̀rọ̀ yìí, tí yóò sì máa jábọ̀ lọ́dọọdún fún àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìyípadà ojú-ọjọ́. A ju 50 lọ. Kọ́ńsọ́tàǹtì wa kò mẹ́nu ba òfin yìí níbì kankan nínú ìwé rẹ̀.

Omi rọrùn, mítà wà lórí kànga ẹ̀rọ wa. Iná rọrùn, iye yúnìtì wà lára bíìlì. Epo ọkọ̀ náà ò gba wàhálà. Dísẹ́ẹ̀lì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé náírà ni gbogbo ìwé wa fi ń sọ̀rọ̀. Owó báyìí fún dísẹ́ẹ̀lì, ọjọ́ báyìí, ó tán. Owó tó nǹkan kì í sì í sọ iye lítà fún ni, torí iye tí wọ́n ń ta lítà kan ń yí láti ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀, ó sì ń yí láti ọwọ́ olùtajà kan sí òmíràn. Mo ní kí àwọn olùtajà tún rìsíìtì kọ fún wa pẹ̀lú iye lítà. Ọ̀kan ní òun ò ní àkọsílẹ̀. Èkejì kọ iye lítà, àmọ́ nígbà tí mo pín owó sí i, iye orí lítà kan tó bọ́ síbẹ̀ kò bá ti ọjà mu lóṣù náà. Àwọn ọjọ́ kan sì wà tí iná lọ lójijì, tí wọ́n fi kẹ́ẹ̀gì sáré lọ ra epo nílé epo, tí ẹnikẹ́ni ò gba rìsíìtì.

Bàbá Sítọ̀ọ̀ wa, ọmọ Ìlọrin, ní kí a lo táǹkì. Wọ́n ní ọ̀pá tí àwọn ń tì bọ̀ ọ́ wà níbẹ̀, àti pé gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni àwọn ń kọ ibi tí epo dé sí ara ọ̀pá náà. Inú mi dùn, àfi ìgbà tí mo rí táǹkì náà. Rògódó ni, ó sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ gbọọrọ. Nínú irú táǹkì bẹ́ẹ̀, tí epo bá dé ìdajì ọ̀pá, ìdajì epo ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tó bá dé ìdá kan nínú mẹ́rin ọ̀pá, epo inú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú márùn-ún, torí ìsàlẹ̀ táǹkì rí tóóró. Ẹni bá ṣírò rẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń wọn omi nínú garawa yóò máa rò pé òun ní epo ju èyí tó wà níbẹ̀ lọ. Ìwé ìdíwọ̀n tó bá táǹkì náà wá ti sọnù kí n tó dé ilé-iṣẹ́ yìí. Ó di dandan kí a mú un gbẹ, kí a máa rọ epo padà sínú rẹ̀ níwọ̀n-níwọ̀n, kí a sì máa fi ṣóòkì sàmì sí ọ̀pá. Iṣẹ́ ìdọ̀tí ni, òórùn epo ò kúrò lára ìbòrí mi títí mo fi sọ ọ́ nù. Gbogbo èyí torí pé ẹnì kan gba owó, kò sì dé ẹnu ọ̀nà táǹkì wa rí!

Níbi tí a ti ń wọn ọ̀pá ni olùtajà kan ti gbé epo dé. Rìsíìtì rẹ̀ ní 5,000 lítà. Mo ní kí Bàbá Sítọ̀ọ̀ ti ọ̀pá bọ táǹkì kí wọ́n tó já epo àti lẹ́yìn tí wọ́n já a tán. 4,700 ni ọ̀pá sọ. Awakọ̀ yarí, ó ní ọ̀pá wa ò dára. Mo ní kó dúró, a ó jọ rọ ọ́ jáde padà pẹ̀lú garawa. Ó gbé fóònù, ó bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n sì dín owó 300 lítà kù. Ẹ fojú inú wo iye ọdún tí a ti ń san owó epo tí kò wọ táǹkì. Ẹ̀bi rẹ̀ sì tún ń wọ inú ìjábọ̀, torí 300 lítà tí a kò rí lójú, ó lé ní 800 kílò èéfín tí a ò bá kà sí ara wa lọ́rùn láìjó o.

Ọ̀rọ̀ kílò yìí náà dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ìṣirò tó wọ́pọ̀ ni pé lítà dísẹ́ẹ̀lì kan ń mú nǹkan bíi 2.68 kílò CO2, ìyẹn gáàsì tí kábọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn para pọ̀ di, jáde. Bàbá Sítọ̀ọ̀ ní irọ́ ni. "Àǹtí, lítà epo kan gan-an ò wọn kílò kan. Níbo ni èéfín rẹ̀ ti wá rí kílò méjì àti ààbọ̀?" Ìbéèrè gidi ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Mo ṣàlàyé fún wọn pé kábọ́ọ̀nù inú epo kì í dá jáde, ó máa ń fa ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ mọ́ra nígbà tó bá ń jóná. Níbi tí kábọ́ọ̀nù bá ti wọn 12, ọ́síjìn tó so mọ́ ọn wọn 32, àpapọ̀ wọn á di 44. Inú afẹ́fẹ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìwọ̀n náà ti wá. Wọ́n ronú sí i, wọ́n ní, "Ó yé mi wàyí," wọ́n sì lọ ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀pá yanjú epo tó ń wọlé láti ìgbà náà lọ, àmọ́ oṣù tó ti kọjá ńkọ́? Mítà wákàtí ara jẹnẹrétọ̀ àgbà ti dákú. Máláàmù tó ń bójú tó jẹnẹrétọ̀ ló gbà wá. Wọ́n ti gbé Ṣáṣá n'Íbàdàn rí, wọ́n gbọ́ Yorùbá. Wọ́n ní, "Ìwé mi ńkọ́?" Wọ́n fa ìwé kékeré kan yọ nínú àpò agbádá, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú fún epo. Gbogbo ìgbà tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ àti ìgbà tí wọ́n pa á ló wà níbẹ̀ ní Ajami, ìyẹn Hausa tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ, láti ọ̀tún sí òsì, láìfo ọjọ́ kan. Wọn kì í kọ ABD, ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó béèrè ìwé lọ́wọ́ wọn rí. Wọ́n ń kà á fún mi, mo ń tẹ̀ ẹ́ sínú Excel. A wá kún táǹkì kékeré ara jẹnẹrétọ̀, a jẹ́ kó gbé ẹrù iṣẹ́ bó ṣe máa ń gbé e, a sì tún un kún láti mọ iye lítà tó ń mu ní wákàtí kan. Mo fi iye yẹn sọ wákàtí inú ìwé Máláàmù di lítà, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì ọ̀pá ọjọ́ Ẹtì, wọ́n sì sún mọ́ra gidigidi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ayọ̀. Nínú ìjábọ̀, ní abala tí a ti ṣàlàyé ibi tí a ti rí iye, mo kọ ọ́ pé àkọsílẹ̀ olùtọ́jú jẹnẹrétọ̀ ni, mo sì fi fọ́tò ojú-ewé kan sí i.

Igi ìdáná tí a fi ń yan òrí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò kàn yín torí pé igi máa ń hù padà. CO2 rẹ̀ ni a ń kọ sọ́tọ̀, lẹ́yìn Scope mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n methane, gáàsì mìíràn tó ń mú ayé gbóná, tó ń bá èéfín igi jáde, Scope 1 ló wà. Ẹ wọn igi náà lórí ìwọ̀n. Ẹrù ọkọ̀ kan kì í dọ́gba pẹ̀lú èkejì, igi tútù sì wúwo ju gbígbẹ lọ.

Nígbà tí mo kó gbogbo rẹ̀ jọ, jẹnẹrétọ̀ ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú Scope 1 wa. Ìwé náà kéré sí ti kọ́ńsọ́tàǹtì, kò ní àwòrán igi tútù. Ọ̀gá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Jámánì àti báǹkì nìkan. Mo ní rárá, àwọn tó ń fa èéfín náà símú lójoojúmọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́. A pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, a sọ ọ́ ní Hausa àti Yorùbá, àwọn ìyá tó ń yan òrí sì ní kí a gbé èéfín ààrò sókè kúrò lójú àwọn kí a tó sọ̀rọ̀ òkè òkun. Wọ́n ti ń ṣe páìpù náà báyìí.

Àwọn ará Jámánì gba iye dísẹ́ẹ̀lì wa láìyí ohunkóhun padà, wọ́n sì tún àdéhùn ṣe. Ohun tí wọ́n wá ń béèrè báyìí wà ní Scope 3: igi tí àwọn obìnrin abúlé ní Ìpínlẹ̀ Niger fi ń se èso òrí kí wọ́n tó sá a, kí wọ́n tó pa á, kí kóró rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Iye tí àwọn kan ṣe níbòmíràn wà tí mo lè mú lò, ìlànà sì gbà bẹ́ẹ̀. N ò fẹ́ ẹ. Bí òjò bá dé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èso, mo máa gbé ìwọ̀n lọ sí abúlé tó wà lẹ́yìn Bida, kí n bá wọn wọn igi tí wọ́n fi se abọ́ kan, kí n sì wọn kóró tó bá jáde nínú abọ́ náà lẹ́yìn tó bá gbẹ. Ọ̀gá ti fọwọ́ sí owó ọkọ̀.